Honorata Okoń àti Òtútù Ẹlẹ́sẹ̀

Okoń ni orúkọ ìdílé Honorata, orúkọ ẹja adágún kan tí ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀ kì í jẹ́ kí ọwọ́ apẹja sinmi. Nígbà tó wá di oníṣègùn ẹja, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ tí kì í rẹ́rìn-ín. “Ẹja ń wo ẹja sàn,” ni wọ́n máa ń wí, bí ẹni pé àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ronú kan àwàdà náà. Honorata á kàn fúnnu pọ̀, á máa bá tirẹ̀ lọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀ ni pé ẹja kò bá a lára mu rárá. Bí ìpẹ́ kan péré bá kàn án lọ́wọ́, ara rẹ̀ á sú, ojú rẹ̀ á wú bí ìyẹ̀fun tí ìwúkàrà pọ̀ nínú rẹ̀ jù.

Ẹṣin ni Honorata fẹ́. Láti kékeré, nígbà tí ìyá rẹ̀, Tekla aránṣọ, ń tọ́ ọ ní ìlú kékeré kan létí adágún ní Mazury, nílẹ̀ Poland, kò sí ẹṣin akérù tó kọjá níwájú ilé wọn tí kò sáré jáde lọ fọwọ́ pa nímú. Ìgbà tó tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn oníṣègùn ẹran, òwúrọ̀ kùtù ló ti dé ibi tí wọ́n ti ń pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n láyé ìjọba Ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì, gbogbo nǹkan ní Poland, orí ìlà ni: ẹran, bàtà, títí kan bébà ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Kí Honorata tó dé ojú fèrèsé, oòrùn ti mú. Obìnrin tó jókòó níbẹ̀ ń jẹ ápù, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

“Ẹṣin ti tán,” ló wí.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, báwo ni ẹṣin ṣe máa tán?”

“Àwọn tó wà níwájú ẹ ló kó o lọ. Màlúù náà ti tán. Ẹja ló kù.”

“Ajá ńkọ́?”

“Ajá!” Obìnrin náà fi ápù sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Ọmọ yìí, ṣé o rò pé ajá á dúró dè ẹ́ títí di àsìkò yìí?”

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà lẹ́yìn Honorata na ọrùn wá. “Arábìnrin, tó ò bá fẹ́ ẹja, yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Èmi fẹ́ ẹ.”

Ọmọ ilẹ̀ yẹn ni Honorata. Ó mọ̀ láti inú oyún pé ohun tí ẹni ẹ̀yìn rẹ bá ń fẹ́, o kò gbọdọ̀ fi sílẹ̀. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti fọwọ́ gbá pátákó ojú fèrèsé. “Èmi ni mo ni ẹja!”

Ó délé, ó bú sẹ́kún. Tekla ò gbé ojú kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ.

“Ẹṣin máa ń ta èèyàn nípàá,” ni ìyá wí. “Mi ò tíì gbọ́ ibi tí ẹja ti ta ẹnikẹ́ni nípàá.”

“Màmá, ara mi kọ ẹja!”

“Ara ẹ á gbà á. Kí ló kù tí ara ò tíì gbà ní orílẹ̀-èdè yìí?”

Ara rẹ̀ kò gbà á. Honorata wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó dé ìgbọ̀nwọ́, ó fi aṣọ bo imú, ó kàwé náà bẹ́ẹ̀ títí ó fi jáde. Ohun ìyanu tó wà níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ tí kò fẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mọ́ ọn. Ẹran tí kò lè pariwo, tí kò lè tọ́ka sí ibi tó ń dùn ún, tó kàn ń la ẹnu tó ń pa á dé, àánú rẹ̀ wọ̀ ọ́ lọ́kàn.

Ilé ìwádìí àrùn ẹja tí wọ́n gbé e lọ wà lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Kalikst Zaremba. Ọkùnrin gíga, tín-ín-rín ni, tí òtútù ń mú láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Nínú ooru oṣù keje pàápàá, ìborùn onírun kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ìmọ̀ kan ṣoṣo ló ní, ó sì ti kọ ìwé tó nípọn bíi bíríkì nípa rẹ̀: òtútù ni ìyá gbogbo àrùn ẹja. Ẹja tí ara rẹ̀ ń ṣe ọgbẹ́, òtútù ni. Ẹja tí kò jẹun, òtútù ni. Ẹja tó ń fi ẹ̀gbẹ́ kan lúwẹ̀ẹ́, òtútù ló gba etí wọlé sí i lórí.

“Ọ̀gá, ṣé ẹja ní etí tó ṣí síta ni?” Honorata bi í ní oṣù àkọ́kọ́.

“Ibi tí òtútù gbà wọlé náà nìyẹn,” ni Zaremba dáhùn, kò sì sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Nítorí ìmọ̀ yìí, gbogbo àgbá ẹja tó wà ní àjà ilẹ̀ ilé ìwádìí náà ló ń wọ ẹ̀wù òtútù. Bí ewé bá ti ń wọ́ sílẹ̀, òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan á bẹ̀rẹ̀ sí í fi òwú hun ẹ̀wù fún àgbá tirẹ̀. Tekla bá ọmọ rẹ̀ hun ọ̀kan, aláwọ̀ ewé, tó ní àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́. Zaremba yí àgbá náà po, ó ń fọwọ́ pa òwú rẹ̀.

“Kí ni ẹja fẹ́ fi àpò ṣe?” ó béèrè.

“Màmá mi ní kò sí aṣọ tó pé tí kò ní àpò.”

Ọ̀jọ̀gbọ́n ronú lọ, ronú bọ̀. “Ìyá rẹ gbọ́n,” ló wí, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n fi àpò sí ti àwọn yòókù.

Nígbà ìrúwé kan, wọ́n kó ẹja karp wá láti ibi ìsìn ẹja kan, gbogbo ara wọn pọ́n, ó kún fún ọgbẹ́. Honorata fọ ara ọ̀kan, ó fi ohun tó rí sábẹ́ maikirosíkóòpù. Ẹ̀dá pẹlẹbẹ kan ló ń wò ó padà: ó ní ojú méjì, ó ní ẹsẹ̀ rẹpẹtẹ, ẹnu rẹ̀ dà bí abẹ́rẹ́. Eégbọn ni, eégbọn inú omi. Honorata sáré lọ pe ọ̀gá rẹ̀.

Zaremba tẹ̀ ba ẹ̀rọ náà fún ìgbà pípẹ́.

“Mo rí i,” ló wí níkẹyìn.

“Ẹ rí eégbọn náà, Ọ̀gá?”

“Mo rí i pé òtútù ń mú un. Ṣé o rí bó ṣe dì mọ́ ẹja yẹn? Ó wá yá ooru ni.”

“Ọ̀gá, ẹ̀jẹ̀ ló ń mu!”

“Ìwọ náà máa ń mu tíì gbígbóná. Ta ló fẹ̀sùn kàn ẹ́?” Ó tún ìborùn rẹ̀ wé mọ́ ọrùn. “Àlejò ni wọ́n. Wọ́n á lọ tí ara ẹja bá yá gágá.”

Láti ọjọ́ yẹn, ogun bẹ̀rẹ̀, ogun jẹ́jẹ́, ogun tíì àti àkàrà òyìnbó. Honorata da iyọ̀ sínú omi àgbá tirẹ̀, àwọn eégbọn já bọ́, ẹja yá. Nínú àwọn àgbá tó kù, ẹja ń kú nínú ẹ̀wù òtútù. Ó kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀. Níbi gbogbo tó bá ti kọ “eégbọn”, Zaremba á fi kálàmù pupa pa á rẹ́, á kọ “àlejò” sórí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Honorata ṣe gba oyè dókítà pẹ̀lú ìwé tó kún fún àlejò bí ilé ọlọ́jà. Ó gbé e mì. Ṣùgbọ́n oyè mìíràn wà lókè ti dókítà, èyí tí ẹni tí kò bá gbà á máa wà lábẹ́ ẹlòmíràn títí irun á fi funfun. Honorata búra níwájú ìyá rẹ̀ pé lọ́jọ́ tí òun bá dúró gba ìyẹn, eégbọn lòun máa pè é, kí ọ̀run ya.

“Pè é,” ni Tekla wí. “Àmọ́ jẹun kó o tó lọ.”

Ọjọ́ náà bọ́ sí ìparí oṣù Kejìlá, nígbà tí àsè alẹ́ àìsùn Kérésì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Gbọ̀ngàn tutù. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n inú ìgbìmọ̀ wọ aṣọ oyè lé ẹ̀wù òtútù, wọ́n tóbi bí ìrọ̀rí. Olórí ẹ̀ka, Wit Mączka, ọkùnrin ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ pupa tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń rọ̀ bí bọ́tà, ló jókòó láàárín. Zaremba wà lápá ọ̀tún rẹ̀ pẹ̀lú kálàmù pupa. Honorata gbé àwòrán eégbọn ńlá sára ògiri. “Ẹ̀yin àgbà,” ló wí, “ohun tí ẹ ń wò yìí...”

Ilẹ̀kùn gbá gbàà. Aṣọ́nà ló yọjú, yìnyín wà lórí fìlà rẹ̀.

“Ẹja dé!”

Ọkọ̀ karp ti dé, èyí tí wọ́n ń pín fún òṣìṣẹ́ lọ́dọọdún. Kò sí ilé kan ní Poland tó lè jókòó sídìí tábìlì alẹ́ ọjọ́ yẹn láìsí karp, karp náà sì gbọ́dọ̀ wà láàyè nínú ọpọ́n ìwẹ̀ títí wákàtí rẹ̀ á fi dé. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wo ara wọn.

“Ìgbìmọ̀ máa... máa lọ ronú fúngbà díẹ̀,” ni Mączka wí. Kó tó parí ọ̀rọ̀, àga ti ṣófo. Aṣọ oyè ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lójú àtẹ̀gùn, àgbà ń ti àgbà. Ó ku Honorata àti àwòrán eégbọn.

Ó dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà, òun náà rántí pé Tekla ń retí karp. Ó gbé korobá, ó sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀yìn Zaremba gan-an ló bọ́ sí lórí ìlà.

“Dókítà, ṣebí ara yín kọ ẹja,” ni Zaremba wí.

“Ti Màmá mi ni, Ọ̀gá.”

“Ẹ mú èyí tó sanra. Ọ̀rá máa ń dáàbò bò wọ́n.”

Honorata yọjú wo inú àgbá tó wà lẹ́yìn ọkọ̀. Lára àwọn karp, àwọn ohun róbótó kan ń sáré kiri bí ẹ̀wà tó hu ẹsẹ̀. Ó gbàgbé ara rẹ̀, ó pariwo: “Ẹ má gbà á o! Eégbọn wà lára wọn!”

Ìlà náà rú. Obìnrin kan láti iyàrá ìṣirò fi korobá rẹ̀ dí i lọ́nà. “Ọgbọ́n àtijọ́ nìyẹn, Dókítà. Lọ́dún tó kọjá, ẹnì kan ní ọsàn tí wọ́n kó wá ní májèlé. Ìgbà tá a túká tán, òun nìkan ló kó odidi àpò lọ.”

“Tó ò bá fẹ́, yà sẹ́gbẹ̀ẹ́!” ni àwọn tó wà lẹ́yìn ń ké.

Kò sí ọ̀jọ̀gbọ́n kankan tó padà sí gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà. Kálukú sáré gbé ẹja lọ sínú ọpọ́n ìwẹ̀ kó tó kú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kejì, fóònù ilé Honorata dún. Mączka ni, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

“Dókítà, karp mi ń fara ha ọpọ́n. Zaremba ní kí n da omi gbígbóná sí i. Mo dà á, ó fò jáde, ó já bọ́ sórí kápẹ́ẹ̀tì.”

“Ṣé ẹ ní iyọ̀ nílé?”

“Iyọ̀ ti ọbẹ̀?”

“Èyíkéyìí, Ọ̀gá. Mo ń bọ̀.”

Bẹ́ẹ̀ ni Honorata ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé ọ̀jọ̀gbọ́n kan sí èkejì, àpò iyọ̀ léjìká, ìbọ̀wọ́ rọ́bà lọ́wọ́. Àwọn tó ti ń bá a jiyàn láti ọdún pípẹ́, inú balùwẹ̀ ló ti ń bá wọn, nínú ẹ̀wù àwọ̀sùn, tí wọ́n kúnlẹ̀ ti ẹja. Àwọn aya wọn ti ń lọ wẹ̀ nílé aládùúgbò. Bí ẹja bá ti yá, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: “Ẹ ṣeun, Dókítà. Àmọ́ ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí Zaremba gbọ́.”

Ìpè tó kẹ́yìn, obìnrin ni. “Dókítà Okoń, èmi ni Eulalia, ìyàwó Zaremba. Ẹ gbà mí o, Alojzy ń kú lọ.”

“Ta ni Alojzy, mà?”

“Karp wa ni.”

Ìrọ̀lẹ́ ni nígbà tó débẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n jókòó sórí ọmọrí àwo ìgbọ̀nsẹ̀, ìborùn lọ́rùn, ojú rẹ̀ pọ́n. Honorata wo inú ọpọ́n ìwẹ̀, ó sì gbá ògiri mú. Karp náà wọ ẹ̀wù òtútù. Apá ẹ̀wù onírun kan ni wọ́n gé, wọ́n ti ẹja bọ inú rẹ̀; orí yọ níwájú, ìrù yọ lẹ́yìn, ó ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ nínú omi bí ọ̀mùtí tó ń wá ilé.

“Mi ò ránṣẹ́ pè yín,” ni Zaremba wí.

“Èmi ni mo pè é,” ni Eulalia dáhùn. “Kalikst, dìde níbẹ̀ kó ráyè.”

“Eulalia, ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ lèyí.”

“Ọ̀rọ̀ balùwẹ̀ mi ni! Mi ò tíì wẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹ̀dá yìí ti dé, ó sì tún wọ ẹ̀wù mi!”

Honorata bọ́ ẹ̀wù náà lára Alojzy. Abẹ́ òwú, níbi tó ti móoru, àwọn eégbọn ti di ìlú. Eulalia pariwo.

“Kí lèyí, Kalikst?”

Ọ̀jọ̀gbọ́n kò gbójú sókè. “Àlejò ni wọ́n.”

“Àlejò! Ta ló pè wọ́n? Àlejò wo ló ń mu ẹ̀jẹ̀ onílé?”

Honorata po iyọ̀, ó dà á sínú ọpọ́n. Omi ta sí i lójú, ìpéǹpéjú rẹ̀ wú, ó wá ń fi ẹ̀là ojú kan ṣoṣo wòran. Àwọn eégbọn bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí bọ́tìnnì ń já lára ẹ̀wù àgbà. Alojzy mí kanlẹ̀. Zaremba dìde, ó wọ awò ojú, ó bẹ̀rẹ̀ títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi. Ọ̀kan nínú àwọn eégbọn náà wẹ̀ kọjá níwájú rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n padà lọ jókòó.

“Láti ìgbà èwe mi,” ló wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, “ni mo ti ń wọṣọ fún ẹja.”

Honorata ti ń retí ọjọ́ tóun máa rí i báyìí. Ó ti rò pé òun á rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kò wá. Ó rí arúgbó kan lórí àwo ìgbọ̀nsẹ̀, òtútù sì ń mú un.

“Ọ̀gá,” ló wí, “omi tó bá tutù jù náà ò kúkú dáa fún wọn.”

Zaremba wò ó bí ẹni tí wọ́n na ọ̀pá ìtìlẹ̀ sí níbi tó ti fẹ́ ṣubú.

Lálẹ́ àìsùn Kérésì, kò sẹ́ni tó pa Alojzy. Eulalia ní òun ò lè jẹ ẹni tóun ti pè lórúkọ. Ẹja oníyọ̀ àti àkàrà tí wọ́n fi olú dí nínú ni wọ́n jẹ, ìdílé náà sì ń wẹ̀ nílé aládùúgbò títí yìnyín fi yọ́ lórí adágún, tí wọ́n gbé Alojzy lọ síbẹ̀.

Ní oṣù Kìíní, ìgbìmọ̀ tún jókòó. Kí Honorata tó lanu, Zaremba ti dìde.

“Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi,” ló wí, “òtútù ni ìyá gbogbo àrùn ẹja. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ rí, mi ò yí ọ̀rọ̀ mi padà. Ṣùgbọ́n ìwádìí tuntun fi hàn pé oríṣi méjì ni òtútù: òtútù aláìlẹ́sẹ̀ àti òtútù ẹlẹ́sẹ̀. Dókítà Okoń lẹni àkọ́kọ́ tó rí ẹsẹ̀ rẹ̀.”

Ẹnì kan wúkọ́. Mączka yíjú sí Honorata, òógùn bọ̀ ọ́ níwájú orí. “Dókítà, ṣé... ṣé ẹ fara mọ́ ọn?”

Gbogbo ìgbìmọ̀ ń wò ó, ẹja gbogbo wọn ló sì ti wò sàn. Ìbúra tó ṣe níwájú ìyá rẹ̀ dìde sí i ní ọ̀fun. Ó rò ó wò. Ẹja kì í kàwé, iyọ̀ ni ẹja nílò.

“Ọ̀gá, ìbéèrè kan,” ló wí. “Tí wọ́n bá da iyọ̀ sí omi, ṣé òtútù ẹlẹ́sẹ̀ yẹn á kú?”

“Á kú fin-ín fin-ín.”

“Kò burú. Mo gbà.”

Wọ́n dìbò, kò sẹ́ni tó takò ó. Nígbà tó délé, Tekla bi í bóyá ó pe eégbọn.

“Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pè é, Màmá.”

“Ṣé wọ́n fún ẹ lóyè?”

“Wọ́n fún mi.”

“Jókòó, ọbẹ̀ ń tutù.”

Àṣẹ jáde láti òkè pé kí gbogbo ibi ìsìn ẹja máa fi iyọ̀ gbógun ti òtútù ẹlẹ́sẹ̀. Wọ́n fi iyọ̀ sí i, karp sì sanra jákèjádò agbègbè náà. Alábòójútó odò kan dúró ti Honorata lẹ́bàá omi, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. “Dókítà, òtútù tó lẹ́sẹ̀ yìí, ṣé kì í wọ bàtà?” Honorata ní òun ò tíì rí èyí tó wọ bàtà. Lẹ́yìn tí Zaremba fẹ̀yìn tì, tí ìjọba Ẹgbẹ́ náà kógbá sílé tẹ̀ lé e, Honorata kọ ìwé tirẹ̀, ó sì pe eégbọn ní eégbọn láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Zaremba kà á tán, ó tẹ̀ ẹ́ láago. “Ìwé dáadáa ni,” ló wí. “Ẹ kàn gbàgbé ojú ọjọ́ ni.”

Ó pẹ́ kí wọ́n tó sọ Honorata fúnra rẹ̀ di ọ̀jọ̀gbọ́n. Wọ́n ní kó wá gba ìwé oyè náà nílé ìjọba ní Warsaw, nínú oṣù Kejì. Ó ra bàtà tuntun, ó wọ ọkọ̀ ojú irin. Láàárín oko, níbi tí kò ti sí ilé, yìnyín bo irin, ọkọ̀ dúró, ó sì dúró pátápátá. Nígbà tó di ọ̀sán, aya àgbẹ̀ kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rí i tó ń nu ojú.

“Ta ló kú, mà?”

“Kò sẹ́ni tó kú. Báyìí báyìí ni wọ́n ń pe orúkọ mi ní Warsaw pé mo di ọ̀jọ̀gbọ́n.”

“Kí wọ́n máa pè é lọ́hùn-ún nígbà tẹ́ ẹ wà níbí!” Obìnrin náà fò dìde, ó pàtẹ́wọ́ kí gbogbo èrò inú ọkọ̀ náà lè gbọ́. “Ẹ gbọ́ o! Ọ̀jọ̀gbọ́n wà láàárín wa, wọn ò tíì fi jẹ!”

Ara ti ń ta gbogbo wọn nítorí pé wọn ò rí nǹkan ṣe. Wọ́n gbé Honorata nàró sórí ìjókòó. Alábòójútó ọkọ̀, Bonifacy, ọkùnrin onírunmú tó le bí búrọ́ọ̀ṣì, bọ́ fìlà iṣẹ́ rẹ̀, ó fi dé e lórí. “Ní orúkọ ọkọ̀ yìí,” ló wí, “mo sọ yín di ọ̀jọ̀gbọ́n. Nínú kí ni, mà?”

“Nínú àrùn ẹja.”

“Nínú àrùn ẹja!” ni gbogbo ọkọ̀ hó. Wọ́n yọ búrẹ́dì, wọ́n yọ kùkúḿbà oníyọ̀, ìgò kan jáde láti abẹ́ ìjókòó kan, wọ́n sì kọrin fún un pé kó gbé ọgọ́rùn-ún ọdún láyé. Honorata sunkún lábẹ́ fìlà tó bò ó dé imú.

Ọjọ́ kejì ló tó dé Warsaw. Gbọ̀ngàn ti wà ní títì. Gáàdì kan wọlé lọ, ó gbé ìwé oyè náà jáde nínú àpò bébà, ó ní kó fọwọ́ sí i, ó sì bi í bóyá ó lè bá òun wo ológbò òun tí kò jẹun. Honorata tẹ̀ ba ológbò náà lẹ́bàá ògiri, ó la ẹnu rẹ̀ wò, ó ní eyín kan ló ń dùn ún. Lẹ́yìn náà, ó lọ sí ilé oúnjẹ ibùdókọ̀, ó ní kí wọ́n bu ọbẹ̀ kíkan fóun pẹ̀lú ẹyin, ó jẹ ẹ́ tán, ó fi ìwé oyè rọrí lórí tábìlì, ó sì sùn títí ọkọ̀ tó yẹ kó wọ̀ padà sílé fi lọ.